Hedvika Tó Ń Dá Gun Òkè Màríà

Nígbà tí wọ́n kó wa dé abúlé Bukovka ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ ilé ló ṣófo. Ọmọ Jámánì ni àwọn tó ni wọ́n. Ìjọba ti fi ọkọ̀ ojú irin kó wọn lọ sí Jámánì. Nínú ìdílé Hedvika, tí òun náà jẹ́ ọmọ Jámánì, òun nìkan ló kù, nítorí pé Ṣẹ́ẹ̀kì bíi tiwa ni ọkọ rẹ̀, Otomar. Ilé wa dojú kọ tiwọn.

Ṣọ́ọ̀ṣì Màríà wà lórí òkè lẹ́yìn abúlé, ó funfun, orí ilé ìṣọ́ rẹ̀ méjèèjì rí bí àlùbọ́sà. Hedvika ló sọ fún mi pé àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn ò pa láyé àtijọ́ ló kọ́ ọ, láti san ẹ̀jẹ́ wọn fún Màríà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórùlé yí i ká, kí òjò má baà pa àwọn tó wá gbàdúrà, abúlé kọ̀ọ̀kan sì ní igun tirẹ̀ níbẹ̀. Kí ogun tó dé, lọ́jọ́ ìbí Màríà, ní Sẹ́tẹ́ńbà, gbogbo Bukovka máa ń gòkè lọ pẹ̀lú àsíá àti fèrè.

Lọ́dún tí a dé, Hedvika nìkan ni mo rí tó wọ aṣọ dúdú kọjá.

"Níbo lò ń lọ?"

"Òkè."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi àti ẹsẹ̀ mi."

Bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn. Ìjọba, tí kò fẹ́ ìsìn, ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pa. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń kọrin. Àwọn kan a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Hedvika, àwọn èèyàn yín dà?" Òun náà á rẹ́rìn-ín: "Wọ́n wà lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ wọn ò yá bíi tèmi." Otomar ò bá a lọ rí, ó ń bẹ̀rù pé wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà tí Otomar kú, ó ku Hedvika nìkan nínú ilé.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Trude àbúrò rẹ̀ wá kí i láti Jámánì. Hedvika ní kí n bá àwọn gbé agbọ̀n gòkè. Ní igun Bukovka, òjò tó ń jò láti òrùlé ti fọ àwòrán ara ògiri dànù, ó ku ẹsẹ̀ Màríà. Hedvika dá orin. Trude gbè é díẹ̀, ó dákẹ́.

"Máa kọ ọ́ lọ."

"Mo ti gbàgbé ìyókù, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́ jù."

Hedvika dá kọ ọ́ parí. Trude ń wo ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí bọ́ọ̀sì tó kó òun àti àwọn yòókù wá láti Jámánì wà.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wọn ò ní dúró dè mí."

Nígbà tí bọ́ọ̀sì lọ, Hedvika ò sunkún. Ó ní, "Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé òun náà ń kọ ọ́ níbi tó wà."

Ní Sẹ́tẹ́ńbà tó tẹ̀ lé e, mo ní kí n bá a lọ.

"O ò mọ orin náà," ó rọra dá mi lóhùn, ó sì ń lọ.

Ìgbà òtútù ló kú. Trude fi òdòdó ránṣẹ́. Lẹ́yìn tí ìjọba yí padà, wọ́n tún ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣe, mo sì wọ inú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn áńgẹ́lì oníwúrà wà níbẹ̀, àti òpó tó lọ́ bí okùn, àti àjà tí wọ́n kùn bí ẹni pé ọ̀run ṣí sílẹ̀. Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn títí wọ́n fi parí ìsìn.