Ìdọ̀bálẹ̀ Ràkúnmí

Sirajudeen kì í mu omi lójú iṣẹ́. Gbogbo gáréèjì kẹ̀kẹ́ Márúwá wọn ní Ìsọlọ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi í yangàn kiri. Òfin gáréèjì ni pé kẹ̀kẹ́ tó bá ti wà lórí ìlà, awakọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ti kẹ̀kẹ́ rẹ sẹ́yìn pátápátá, ìbáà jẹ́ pé èrò ti jókòó sínú rẹ̀. Ilé ìtọ̀ kan ṣoṣo tó wà nítòsí, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni, èrò ibẹ̀ náà kò sì kéré. Ọmọkùnrin ará Ìsẹ́yìn yìí wá rò ó títí, ó ní ẹni tí kò bá mu omi kò ní tọ̀, ẹni tí kò bá sì tọ̀ kò ní pàdánù tọ́ọ̀nù, ìyẹn ipò rẹ̀ lórí ìlà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ràkúnmí. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Àfi ìgbà tí ìfẹ́ dé. Ameenat, tó ń ta ṣájà àti àpò fóònù ní Àgọ́ Palace, ti gbà láti fẹ́ ẹ, ó ku ìyá rẹ̀. Ìyá Ameenat ní òun ò ní jókòó sí pálọ̀ kí ọkùnrin kan wọ agbádá alágbàwọ̀ wá purọ́ fún òun. Ó ní òun máa wọ kẹ̀kẹ́ Sirajudeen lọ́jọ́ tí kò retí, kí òun fojú ara òun rí irú ẹni tó jẹ́. Bí ohun tí òun bá rí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó parí nìyẹn.

Ameenat tú àṣírí náà fún un, ṣùgbọ́n ó ti búra fún ìyá rẹ̀ pé òun ò ní fi fọ́tò rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ kò ju pé ìyá òun dúdú, ó sanra díẹ̀, ó sì máa ń wọ híjáàbù. Ẹ gbọ́ ná, ìdajì àwọn ìyá Ìsọlọ̀ kọ́ nìyẹn?

Báyìí ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Obìnrin dúdú tó bá ti wọ híjáàbù, Sirajudeen á na gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú eruku. Ó bá wọn gbé ẹrù, ó bá wọn fọn ikun ọmọ-ọmọ wọn. Ìyá kan tó ń ta edé bi í léèrè bóyá ó ti ṣẹ òun lọ́nà kan tí òun ò tíì gbọ́. Nígbà tó wá rí i pé ọ̀wọ̀ lásán ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ lálẹ́, ó tún ń mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání. Gbogbo sáré-sókè-sáré-sódò yìí, omi kan kò kan ọ̀fun Ràkúnmí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Tuesday kan, oòrùn mú bí ẹni ń yan àgbàdo. Orí ń fọ́ Sirajudeen láti òwúrọ̀, ètè rẹ̀ ti bó, òòyì ń kọ́ ọ. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló wà níwájú, èrò méjì ti wọlé. Obìnrin dúdú kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ wàrà dé, ó bèèrè bóyá Àgọ́ Palace ni wọ́n ń lọ. Sirajudeen bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ilẹ̀ náà sì tù ú lára lọ́nà ìyanu. Ó ní kí òun sinmi díẹ̀ kí òun tó dìde.

Obìnrin náà ní kó dìde. Kò dìde. Ó ṣàdúrà fún un, ó ní yóò jẹun ọmọ, àwọn èrò ṣe àmín. Síbẹ̀ kò dìde. Èrò kan nínú kẹ̀kẹ́ mi orí, ó ní, “This one get home training o.” Òmíràn yin ìyá tó bí i. Ọláyanjú, alága gáréèjì, ní ìkíni náà ti tó, èrò ń dúró. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà á sókè ló rí i pé Ràkúnmí ti dákú.

Ni gáréèjì bá dàrú. Oníkálukú ń já omi inú ọ̀rá dà lé e lórí. Obìnrin náà lé gbogbo wọn sẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Nígbà tí Sirajudeen lajú, obìnrin náà fi omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni ìyá Ameenat?”

“Èmi ni. Ìgbà wo lo mu omi kẹ́yìn?”

“Lálẹ́ àná, mà.”

“Báwo ni ìtọ̀ rẹ ṣe ń rí?”

Gbogbo gáréèjì sún mọ́ tòsí láti gbọ́. Ojú tì í dọ́ba. “Ó ń pọ́n, mà. Bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí.”

Ẹ̀rín bú, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. “Ìwà rẹ dáa, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n èmi ti ṣe opó, mo mọ bó ṣe rí. Ameenat ò ní ṣe é nítorí tọ́ọ̀nù.”

Sirajudeen mu omi yẹn, ó sinmi lábẹ́ ibòji títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ọláyanjú ní òfin kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó dákú, nítorí náà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà níwájú síbẹ̀. Ara rẹ̀ yá, èrò tún wọlé, Ìyá Ameenat náà wọlé. Àsìkò yẹn gan-an ni ìtọ̀ wá gbọ̀n ọ́n.

Ó wo iwájú ìlà. Ó wo Ọláyanjú, ẹni tó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá Ameenat ń wo ibòmíràn. Sirajudeen sọ̀ kalẹ̀, ó sì forí lé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tó padà dé, wọ́n ti ti kẹ̀kẹ́ Ràkúnmí sẹ́yìn pátápátá, àwọn èrò ti bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ mìíràn. Ìyá Ameenat nìkan ló ṣẹ́kù nínú rẹ̀, ó gbé omi inú ọ̀rá kan lé ẹsẹ̀. Ọláyanjú sọ pé òun ti bẹ̀ ẹ́ títí kó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ iwájú, ó kọ̀. Ó ní òun ò kánjú, ọkọ ọmọ òun ló máa gbé òun.