Etíkun Inú Fọ́tò Bàbá Moróunkẹ́

Kaduna ni wọ́n bí Moróunkẹ́ sí. Ibẹ̀ náà ló ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì, ní àdúgbò Doka, títí orí rẹ̀ fi hewú. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Lọ́dún 1993, lẹ́yìn tí ìjọba fagi lé ìbò, ariwo gba ìgboro pé ogun ń bọ̀. Àwọn Yorùbá ń di ẹrù. Ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan háyà ọkọ̀ fún àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ agbo ilé rẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́.

Àúdù, tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti Moróunkẹ́, rí i tó ń so àpò.

"Haba, Mama! Ìwọ náà? Níbo lò ń lọ?"

Moróunkẹ́ so àpò náà tán. Ó kó kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lé e lọ́wọ́.

Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì ń rákòrò. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù: ọ̀dọ́mọkùnrin tó dé àkẹtẹ̀, ó dúró lórí iyanrìn, òkun ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn atukọ̀ ń la ìgbì bọ̀ wá sétí omi. Ìyá rẹ̀ a máa nàka sí i kó tó di olóògbé pé, "Ibi tí bàbá rẹ ti wá nìyẹn."

Nítorí òkun inú fọ́tò náà, ó gbé e tọ ẹgbẹ́ àwọn ará Èkó lọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní etíkun tiwọn kọ́.

Ó sáré lọ sí àdúgbò Kinkinau, níbi tí ọkọ̀ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ dúró sí. Oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, Ìyá Hikmah, wà níbẹ̀. Ó ti gbé ẹ̀bá òkun rí. Ìyá náà gbé fọ́tò súnmọ́ ojú.

"Wo àjẹ̀ tí àwọn atukọ̀ yìí fi ń wakọ̀. Ẹnu rẹ̀ pín sí mẹ́ta bí ìka. Akra nìyí, ní Gánà. Mo ta aṣọ níbẹ̀."

"Ìlú mi nìyẹn?"

"Ìlú ta ni? Ibẹ̀ ni ìjọba wọn ti lé wa lọ́dún 1969, tí a fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná! Ẹni tó wà nílé kì í ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé, Moróunkẹ́. Àlejò ni bàbá rẹ níbẹ̀, bíi tèmi."

"Ibo wá ni ilé rẹ̀?"

"Àkẹtẹ̀ bo ojú rẹ̀, n ò rí ilà. Ọlọ́run ló mọ̀."

Moróunkẹ́ gba fọ́tò náà padà. Lójú títì, àwọn ènìyàn ti ń sáré. Kò yé ẹnikẹ́ni ohun tí wọ́n ń sá fún. Awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀, Ìyá Hikmah sì fa Moróunkẹ́ lọ́wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Adékọ̀yà, akọ̀wé ẹgbẹ́, na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà. "Ìyá, agbo ilé wo?"

Moróunkẹ́ na fọ́tò náà sí i.

"Ilé Aláró," ni Ìyá Hikmah wí. "Àbúrò mi ni."

"Àbúrò yín wo, tí n ò mọ̀?"

"Ṣé ìwọ lo gbẹ̀bí ìyá mi ni?"

Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Adékọ̀yà sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Moróunkẹ́ jókòó sáàárín ẹrù, ó fi fọ́tò náà mọ́yà. Àwọn àgbà ilé Aláró yóò bi í léèrè ọmọ ta ni, kò sì mọ ohun tí yóò sọ. Ó ń pe orúkọ náà lábẹ́ ahọ́n, Aláró, Aláró, kó má baà gbàgbé kí wọ́n tó dé Ògbómọ̀ṣọ́.