Bàbá Mi Tí Kò Lè Jáde Nílùú

Bàbá mi kì í ṣe olówó, wọn kì í sì í ṣe òṣèlú. Akọ̀wé ni wọ́n ní báǹkì ìjọba. Ṣòkòtò kan ni wọ́n sábà máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ títí orúnkún rẹ̀ á fi máa dán. Síbẹ̀, wọn kò lè jáde kúrò nílùú yìí láìgba àṣẹ.

Ohun tó fà á ni pé ìjọba ra kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi í pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro. Owó náà kò sí nínú àpótí kankan. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan ló ṣeé dì mú, ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Èèyàn mẹ́ta ló ní in lọ́wọ́, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀, bàbá mi sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ pàdé kí owó náà tó ṣí. Nítorí náà, wọn kì í wọ ọkọ̀ kan náà, méjì sì gbọ́dọ̀ wà nílùú nígbà gbogbo.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn ṣubú lórí àtẹ̀gùn, itan rẹ̀ sì kán. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó jìnnà. Ló bá ku bàbá mi àti obìnrin kan tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Màmá Òfin.

Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá bàbá mi ní ìlú tiwọn. Ó ti pẹ́ tí nǹkan funfun ti bo ojú Màmá Àgbà. Wọ́n ní bí wọ́n bá tú báńdéèjì, ojú ọmọ àwọn kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí.

Bàbá mi lọ bẹ ọ̀gá wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, àánú yín ṣe mí," ni ọ̀gá wí. "Àmọ́ tí àìsàn bá dá Màmá Òfin dùbúlẹ̀ lọ́la ńkọ́?"

Bàbá mi wálé, wọ́n sì pe ìyá wọn lórí fóònù.

"Irú owó wo ni kò lè dá dúró láìsí ìwọ?" ni Màmá Àgbà bèèrè.

"Ẹ gbọ́ ná, Màmá. Ilẹ̀ òkèèrè ni wúrà ìjọba wà. Bí ìjà bá dé, wọ́n lè ní àwọn ò fún wa mọ́. Owó tiwa náà, iyì rẹ̀ ń dínkù. Ti èyí, kò sẹ́ni tó lè jókòó kó máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ú, ẹni tí kò sì ní kọ́kọ́rọ́ kò lè gbà á. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

"Ṣé òun kì í já wálẹ̀ ni?"

"Ó ń já o! Nígbà míì, á já lulẹ̀ gbì bí àgbọn. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rà ju díẹ̀ lọ."

"Owó tí ẹnì kankan ò lè tì mọ́lé ló wá ti ọmọ mi mọ́lé. Kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀!"

"Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Màmá. Ẹni tí itan rẹ̀ kán nínú wa ò sì tíì lè dìde."

Màmá Àgbà ní, "Ó dáa. Rán ìyàwó mi wá."

Màmá mi ló lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, bàbá mi fá irùngbọ̀n wọn, wọ́n sì jókòó ti fóònù nídìí tábìlì. Mo dúró lẹ́yìn wọn. Ojú Màmá Àgbà yọ lórí fóònù, ó pọ́n, ó ń ṣẹ́jú. Wọ́n wò wá títí.

"Ìyàwó mi, ta ni bàbá arúgbó yìí?"

"Ọmọ yín ni, Mà."

"Irun ẹ ti funfun tó báyìí, o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, Mà," ni bàbá mi wí. Wọ́n fẹ́ fi ṣe àwàdà.

Màmá Àgbà na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ pa wọ́n lórí. Ìka wọn bo ojú kámẹ́rà fóònù, gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn, a kò rí nǹkan kan mọ́. Bàbá mi kò ní kí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò.