Nítorí Píìlù Ni Mo Ṣe Lọ Sùn Lóko

Mo rántí ìgbà tí ẹsẹ̀ ìyá àwọn ọmọ mi wú, tí wọ́n fún un ní kápúsù àńtíbíótíìkì ní dìsípáńsérì, ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Tchaourou. Ọmọ tó bí kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń lo píìlù, oògùn tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún. Èmi náà fọwọ́ sí i. Mi ò fẹ́ sin ìyàwó.

Ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá ní oògùn méjì ò lè gbé inú kan, ọ̀kan á lé èkejì jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àgbẹ̀ iṣu ni mí, ẹni tó bá gbin èèbù méjì sínú ebè kan, kí ló fẹ́ rí wà? Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo ká ẹní mi, mo ń lọ sùn ní abà lọ́nà Goro. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀bọ ń jẹ iṣu.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, tí ọkọ bá sá lọ sóko, àwọn àgbà gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́ padà wálé. Wọ́n kúrò ní mọ́sáláṣí, wọ́n gbé obì wá sílé wa, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ṣé kì í se oúnjẹ fún ọ ni? Mo ní ó ń sè é. Ṣé ó bú ọ ni? Mo ní rárá, ọ̀bọ ló ń jẹ iṣu. Ọ̀kan nínú wọn ní òun mọ opó kan ní Alafiarou tó ní sùúrù. Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi jáde.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ fi opó yẹn sílẹ̀ ná. Bàbá àwọn ọmọ, ọ̀bọ wo ló ń jẹ iṣu tí a ti wà tán?"

Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, pé mi ò fẹ́ kí kápúsù lé píìlù jáde kó tún wá lóyún. Àwọn àgbà ń wo ilẹ̀. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní kápúsù yẹn ni mo ti bi sáásífáàmù, agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀. Ó ní eléyìí ò ṣe píìlù ní nǹkan kan. Ó ní oògùn ikọ́ ife ló lè bà á jẹ́, tàbí tí mo bá ń bì, tí mo ń yàgbẹ́ gbuuru."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ bi mí ni?"

Wọ́n jẹ obì wọn, wọ́n lọ. Èyí tó mọ opó yẹn ló dúró sẹ́yìn, ó rọra ń bi ìyàwó mi pé ọjọ́ wo ni sáásífáàmù máa ń wá.

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi náà máa ń pa òwe yẹn fún àwọn ẹlòmíràn. Oyún ò tún wọlé wa, ìyá àwọn ọmọ mi ti hu ewú. Tí nǹkan bá ń dùn ún, a jọ ń lọ sí dìsípáńsérì ni, èmi ni mo sì ń bèèrè ọ̀rọ̀. Ó ní ìbéèrè mi ti wá pọ̀ jù.