Ilẹ̀ Tí Mo Bá Bàbá Onílé Tú

Ìyàwó mi fẹ́ ká kó lọ sí Òkè-Àfà, níbi tí yàrá ti fẹ̀ ju tiwa lọ. Èmi ni mo kọ̀. Àkọ́bí wa obìnrin ń rákò nígbà náà, mo sì fẹ́ kó rí ilẹ̀ koríko rá lórí rẹ̀ níwájú ilé tí a háyà ní Iré-Àkàrí, ní Èkó. Bàbá onílé, tí ìlú wa jẹ́ ọ̀kan náà ní Èkìtì, ti sọ pé iwájú ilé di tiwa. Mi ò gba ìwé. Ta ló ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó báni sọ ọmọ lórúkọ?

Owó epo rọ̀bì ti dé, gbogbo èèyàn ló ń kọ́lé. Nígbà tí bàbá ń kọ́ tirẹ̀, iwájú ilé yẹn ni àwọn lọ́rì sìmẹ́ǹtì máa ń dúró sí, ilẹ̀ náà sì le gbagidi. Koríko tí mo gbìn ń pọ́n, ó ń kú. Tójò bá rọ̀, omi á kàn dúró lé e lórí. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níléèwé tí mo ti ń kọ́ni ló là mí lóye.

"Gbòǹgbò ẹ̀ ò rí atẹ́gùn ni, ọ̀gá. Ẹ lu ilẹ̀ yẹn ní ihò."

Mo wá àgékù irin ìkọ́lé kan. Ní gbogbo Sátidé tí òjò bá ti rin ilẹ̀ díẹ̀, màá fi òòlù gbá a wọlẹ̀, màá fà á yọ, màá da yanrìn sínú ihò. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Bàbá á jókòó sí fàráńdà òkè, á máa fi èdè ìlú wa kí mi kú iṣẹ́.

"Jẹ́ kó jìn dáadáa o, ọmọ mi. Sì máa bomi rin ín."

Inú mi á dùn ṣìnkìn. Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé bàbá yẹn fẹ́ràn wa. Kò pẹ́ tí koríko fi tutù yọ̀yọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ti iléèwé dé, mo bá àwọn lébìrà tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì hú koríko náà. Wọ́n ti na okùn ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bíríkìlà tó kó wọn wá rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ilẹ̀ yín rọ̀ o, tíṣà. Bàbá ní ẹ ti ń bá àwọn tú u, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká ṣì ní sùúrù."

Ó dùn mí wọra. Iṣẹ́ tara rẹ̀ ni mò ń ṣe tó ń kí mi láti ọjọ́ yìí! Mo sáré gun àtẹ̀gùn, gbogbo èébú tí mo mọ̀ ti pé sí mi lẹ́nu. Bàbá ṣílẹ̀kùn.

Mo ti dọ̀bálẹ̀, àyà mi ti kanlẹ̀, kí n tó rántí pé ìjà ni mo wá jà. "Ẹ káàsán, sà," lohun tó jáde lẹ́nu mi.