Ìnujú Tó Wà Lábẹ́ Ìlù Earlene Gaspard

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2019, ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, wọ́n gbé òkú Alphonse Tureaud jáde láti inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Tremé, ní ìlú New Orleans. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Mo yẹ ìwé ìjọ wò, mo sì wo fọ́nrán tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ní àdúgbò wa, ìtàn ìsìnkú kì í kéré lẹ́nu ẹni tó bá débẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kan ṣoṣo ló gba ìsìnkú náà lọ́wọ́ ẹ̀tẹ́. Mi ò kọ́kọ́ gbà.

Earlene Gaspard ni obìnrin náà. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ló ń wà ní ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di Sátidé àti Sunday, títí di òní, á gbé ìlù kékeré kọ́rùn, á sì tẹ̀lé ẹgbẹ́ eléré jáàsì tí Tureaud dá sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó wọ ẹgbẹ́ náà, kò sì mọ ọwọ́ ọ̀tún ìlù yàtọ̀ sí òsì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, tí ẹ̀wà pupa bá wà lórí iná, Tureaud á mú un jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa kọ́ ọ. Ó ní tọ́m̀pẹ́ẹ̀tì ló ń lé orin, tírọ́ńbóònù ló ń gbè é. Sùsáfóònù, fèrè ràbàtà tí wọ́n ń wé mọ́ra, ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀. Kilarinẹ́ẹ̀tì á wá máa fi àrà tirẹ̀ yí gbogbo wọn ká. Ó ní èyíkéyìí nínú wọn lè ṣe àṣìṣe kí ayé má mọ̀, wọ́n á ní àrà ló ń dá. Ṣùgbọ́n bí onílù bá ṣìnà, gbogbo wọn ti ṣìnà nìyẹn.

Lórí ìsìnkú ni ẹ̀kọ́ náà ti le jù. Wáyà tín-ín-rín wà lábẹ́ awọ ìlù Earlene, òun ló ń mú kó máa dún ṣaaṣaa. Bí a bá ń sin òkú lọ, onílù á ká ìnujú, á tì í sáàárín awọ àti wáyà, ohùn ìlù á sì kú: tùù, tùù. Òun la fi ń rìn pẹ̀lú orin arò. A kì í yọ aṣọ náà títí a ó fi tú òkú sílẹ̀, ìyẹn ni pé mọ́tò òkú á yà kúrò lọ́dọ̀ wa, á dá lọ. Ìgbà náà ni ìnujú ń jáde, tí agbòòrùn ọwọ́ àwọn oníjó ń ṣí, tí a ń jó lọ sílé. Ẹni tó bá jó ṣáájú ìgbà yẹn, ojú òkú ló ń jó lé.

Earlene sọ fún mi pé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n òun kò yọ ọ́ ṣáájú àsìkò rí. Mo bi àgbà eléré mẹ́ta. Méjì jẹ́rìí sí i. Ẹ̀kẹta, Ignace Verrett tó ń fọn tírọ́ńbóònù, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ní ọdún 1991 Earlene yọ ọ́ nígbà tí mọ́tò òkú ṣì wà níwájú wọn, Tureaud kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí di ọdún Àjíǹde. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Earlene, kò jiyàn.

“Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló kọ́ mi,” ló wí. “Kọ ọ́ síbẹ̀.”

Lórí ibùsùn àìsàn, Tureaud fún un ní ìnujú funfun tirẹ̀. Ó ní, “Má jẹ́ kí wọ́n jó mi kí wọ́n tó tú mi sílẹ̀.” Earlene sì ṣèlérí.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Kerwin Labeaud ni ẹgbẹ́ ti wà nígbà yẹn, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ń fọn tọ́m̀pẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀bùn rẹ̀ kì í ṣe irọ́: tó bá fọn búlúùsì, ẹni tí nǹkan kan kò ṣe á sunkún. Àwọn ará tẹlifíṣọ̀n ní ijó làwọn fẹ́ yà, àwọn á sì kúrò ní aago mọ́kànlá. Kerwin gbà. Ní Friday ó pe Earlene sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Anti, tí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ yọ aṣọ yẹn.”

“Ṣé Bàbá á ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà yẹn?”

Ó ní gbogbo ayé á rí ẹgbẹ́, inú Bàbá gan-an á dùn sí i. Earlene ní Bàbá tí òun mọ̀, kò sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn nínú kí ọ̀sán tó pọ́n. Kerwin rẹ́rìn-ín, kò wá rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bí kò bá yọ ọ́, kó gbé ìlù rẹ̀ lọ sílé, kó má sì padà wá.

Lọ́jọ́ kejì, bí pósí ti jáde, Kerwin gbé fèrè sókè, ó sì lé orin ijó. Agbòòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ojú Earlene hàn kedere nínú fọ́nrán náà: kò wo ẹnì kankan. Tùù. Tùù. Ẹni tó ń lu ìlù ńlá wo Kerwin, ó wo Earlene, ó sì tẹ̀lé Earlene. Sùsáfóònù tẹ̀lé ìlù ńlá. Ignace rọra sọ tírọ́ńbóònù kalẹ̀. Kerwin lé orin náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnì kankan kò gbè é. Ó sọ fèrè sílẹ̀. Nígbà tó tún gbé e sẹ́nu, orin arò ló jáde, ká sì sòótọ́, mi ò gbọ́ kó fọn ún dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Agbòòrùn padé.

Earlene ní wákàtí kan gbáko làwọn fi rìn. Fọ́nrán ní ìṣẹ́jú méjìlélógún. Lábẹ́ afárá Claiborne, Ottilie, ìyàwó olóògbé, gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn mọ́tò òkú, ó sì gbé e kúrò. Mọ́tò lọ. Earlene dúró títí mọ́tò náà fi yà ní kọ̀rọ̀. Ó wá fa ìnujú yọ. Aago mọ́kànlá kò tíì lù. Láti ibẹ̀ lọ, ńṣe ni àwòrán fọ́nrán náà ń mì, nítorí ẹni tó gbé kámẹ́rà pàápàá ń jó.

Nílé Ottilie, pẹ̀lú àwo ọbẹ̀ gọ́ḿbò lọ́wọ́, Kerwin sọ níṣojú gbogbo wọn pé òun kò yí ọ̀rọ̀ tí òun sọ ní Friday padà: ẹgbẹ́ kì í ní olórí méjì. Earlene tú okùn ìlù kúrò lọ́rùn, ó gbé e lé orí àga. Ottilie ti ilé ìdáná jáde, ṣíbí ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kerwin, ọmọ mi,” ó ní, “lọ́jọ́ tó bá kan ìwọ náà, ta lo fẹ́ kó wà nídìí ìlù?”