Ìrọ̀lẹ́ Tí Oòrùn Tan Ẹ̀rọ Mi Jẹ

Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe, Ìbàfò ni mò ń gbé, ẹ̀rù kì í sì í tètè bà mí. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti yọ àdá sí mi rí, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ yẹra lójú ìlà mi. Àmọ́ ìpè kan wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan tó dẹ́rù bà mí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló pè láti Abẹ́òkúta. Kò tíì kí mi tán tó fi bi mí bóyá mo ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́ àná. Ó ní láti ìgbà tí oòrùn ti ń wọ̀ ni ẹ̀rọ òun ti ń sọ kántankàntan, àárọ̀ yìí ló tó padà bọ̀ sípò. Oòrùn ló tú ìjì sílẹ̀, ìjì náà da ojú sánmà rú, àmì tí sátẹ́láìtì ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ wa kò wá dé bó ṣe yẹ. Àwọn òyìnbó ti kéde rẹ̀ fún ara wọn láti ọjọ́ méjì. Rédíò tiwa ń sọ fún wa bí òjò bá ń bọ̀, ṣùgbọ́n ti oòrùn, ta ló sọ ọ́?

Mo kúkú ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́ àná. Àdúgbò Lọ́tò ní Mòwé ni. Ọkùnrin kan láti Èkó ra ilẹ̀ síbẹ̀, ó ní kí n sáré fi ààlà han òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rọ mi ní ilẹ̀ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà wọ inú ilé ìyá arúgbó tó múlé tì í, ó gba inú yàrá ìyá kọjá. Mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára ògiri. Ìyá nawọ́ sí àwọn pèrègún ẹ̀yìnkùlé, ó ní ọkọ òun ló gbìn wọ́n sí ààlà kí wọ́n tó bí mi. Èmi alákọ̀wé rẹ́rìn-ín.

“Ìyá, ẹ má bínú,” ni mo wí, “ẹ̀rọ kì í purọ́.”

Aago mẹ́jọ àárọ̀ yìí ni katapílà tí ọkùnrin náà háyà máa dé wá wó ògiri ìyá. Aago méje ti lé nígbà tí mo wo fóònù. Mo pe ọkùnrin yẹn títí, kò gbé e. Mo gbé ẹ̀rọ mi, mo gun ọ̀kadà. Gbogbo tírélà tí a bá kọjá ni mo ń wò bóyá katapílà wà lórí rẹ̀. Ìyá ti sọ fún mi pé etí òun kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Bó bá ṣì ń sùn ńkọ́?

Nígbà tí a dé ibẹ̀, katapílà ti hú pèrègún mẹ́ta, ó ti kọjú sí ògiri. Mo sáré lọ dúró síwájú rẹ̀, mo na apá méjèèjì. Awakọ̀ bú mi dáadáa kó tó pa ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ìyá jáde látinú yàrá náà, ó ṣì ń ró ìró rẹ̀ lọ́wọ́, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Mo gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, mo tún ilẹ̀ wọ̀n. Inú ihò tí wọ́n ti hú pèrègún gan-an ni ààlà wà.

Mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, mo ń bẹ ìyá. Kò bú mi. Ó wo ẹ̀rọ náà pẹ́, ó tún wò mí.

“Ọmọ mi, ilé ta lo tún fi nǹkan yìí wọ̀n nírọ̀lẹ́?”

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo wọn ilẹ̀ kan ní Ìfọ̀, bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n wó ògiri tí ìlà mi gbà kọjá. Títí di òní, n kò rẹ́ni tó lè sọ fún mi bóyá oòrùn tú ìjì sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.